Ẹ Má Tíì Gbé Tẹlifíṣàn Onídìí Ńlá Yẹn Fún Oníkọ̀ndẹ́mù

  Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí iṣẹ́ ń dúró dè, kó tọ́jú ẹ̀, kó padà wá kà á lálẹ́.

Ní bí oṣù méjì sẹ́yìn, ọmọ mi ọkùnrin tó ń kàwé ní LAUTECH gbé nǹkan kan wọlé. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì bò ó bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Mo ní kí lèyí? Ó ṣí i. Tẹlifíṣàn onídìí ńlá ni, ínṣì 14, irú èyí tí ọ̀pọ̀ yín ti gbé jù sínú yàrá ẹrù. Ọwọ́ ẹnjiníà kan tó ń tún rédíò ṣe níbí ní Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́, ló ti rà á ní ₦5,000. Ìyá ẹ̀ pariwo: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé yìí ò tíì kún tó ni?" Plásímà wà lára ògiri, ó fẹ́lẹ́ bíi páálí, ó mọ́ gaara. Kí ló tún fẹ́ fi eléyìí ṣe?

Ó ní, "Dádì, géèmù àtijọ́ ni mo fẹ́ máa fi gbá. Kì í dùn lórí plásímà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, díákónì wa kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ sì gbà fún un? Ayé ń lọ síwájú, àwọn ọ̀dọ́ wa ń kó pàǹtí wọlé. Ẹ̀mí ìfàsẹ́yìn nìyẹn o." Díákónì yìí, mo bọ̀wọ̀ fún un, kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀sọkúsọ. Mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló ń rò ó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ dáhùn ní gbangba.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ò ju èyí lọ. Ohun tó ń fa àwọn ọmọ yìí sídìí àpótí àtijọ́ kì í ṣe ìranù, òótọ́ wà níbẹ̀. Òótọ́ yẹn sì kan àwa àgbà ju àwọn ọmọ lọ, torí ohun tó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tí a jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ti fẹ́ parẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì kan, Karl Ferdinand Braun, ló gbé irú ẹ̀ jáde lọ́dún 1897. Gò ńlá kan ni, wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Ìdí ńlá tí à ń bú yẹn, ibẹ̀ ni nǹkan kan bí ìbọn kékeré jókòó sí, tó ń ta ìtànṣán iná mànàmáná sí iwájú. Wáyà tí wọ́n yí mọ́ ọrùn gò náà ló ń ṣe bí òòfà, tó ń darí ìtànṣán yẹn láti òsì sí ọ̀tún, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó bá ti kan ẹ̀fun tí wọ́n fi kun inú gíláàsì náà, ibẹ̀ á tàn. Lórí tẹlifíṣàn tiwa ní Nàìjíríà, ìlà 625 ló ń fà fún àwòrán kan ṣoṣo, àwòrán 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa ò lè bá a sáré, la fi ń rí i bí ẹni pé èèyàn ń rìn.

Plásímà ò ṣe bẹ́ẹ̀. Tiẹ̀, àmì tíntìntín ni wọ́n tò sójú ẹ̀ bí búlọ́ọ̀kù, iye wọn ò sì lè yí padà. Bí fíìmù tí wọ́n fi kásẹ́ẹ̀tì VHS ká bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ó di dandan kó nà án. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá na bùbá ọmọ ọdún méje fún àgbàlagbà. Gbogbo ibi tí kò dáa lára àwòrán náà ló máa hàn. Ẹ tún wo ti fífẹ̀ ẹ̀. Tẹlifíṣàn àtijọ́, bí ó bá fẹ̀ ní mẹ́rin, ó ga ní mẹ́ta. Tìsinsìnyí, bí ó bá fẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún, ó ga ní mẹ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí ojú gbogbo òṣèré fi máa ń wú bí ẹni tí oyin ta tí ẹ bá wo fíìmù àtijọ́ lórí plásímà tí wọn ò ṣètò ẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ló ń wò ó, tó ń sọ pé, "Àwọn èèyàn ayé ọjọ́un ò mọ fíìmù ṣe." Irọ́ ni. Fíìmù náà ò burú tó bẹ́ẹ̀, ẹ kàn gbé e sórí ohun tí wọn ò ṣe é fún ni.

Géèmù ńkọ́? Ọmọ mi fi èyí hàn mí, ó yà mí lẹ́nu. Ẹ rántí géèmù Nintendo tó ní ìbọn, tí wọ́n fi ń yìnbọn fún pẹ́pẹ́yẹ, Duck Hunt ti ọdún 1984? Ìbọn yẹn ò ta nǹkan kan jáde. Ojú ló ní. Bí ẹ bá ti fa á, ojú tẹlifíṣàn á dúdú wìì, ibi tí pẹ́pẹ́yẹ wà nìkan ló máa funfun, ìbọn náà á wá wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ yẹn ló dojú kọ. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú kí a ṣẹ́jú lọ. Plásímà máa ń ro àwòrán díẹ̀ kó tó gbé e jáde, nígbà tó bá fi gbé e, ìbọn ti sọ pé ẹ ò bà á. Ẹ lè yìn ín títí di àárọ̀ ọ̀la, pẹ́pẹ́yẹ ò ní kú. Ṣé ẹ rí i pé ọmọ náà ò parọ́?

Kì í sì ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n ti mọ̀. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń fi géèmù Super Smash Bros. Melee ti ọdún 2001 díje ṣì ń ru irú tẹlifíṣàn yìí lọ sí ibi ìdíje, torí wọn ò fẹ́ kí ọwọ́ àwọn yá ju ojú ẹ̀rọ lọ. Àwọn kan tiẹ̀ gbọ́ pé tẹlifíṣàn Sony onídìí ńlá tó tóbi jù lọ, ínṣì 43, wà ní ilé oúnjẹ kan ní Osaka ní Jàpáànù. Ó wúwo tó nǹkan bí 200 kílò. Wọ́n ṣètò bí wọ́n ṣe gbé e gba orí òkun dé Amẹ́ríkà kí wọ́n má bàa fọ́ ọ dànù. Àwọn tó ní owó ra tuntun nìyẹn o.

Ẹ jẹ́ kí n kúrò lórí ẹ̀rọ, torí ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń fa èèyàn.

Àwa ará ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ yìí, ẹ̀tọ́ wa ni láti sọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn. Ìbàdàn ni WNTV ti bẹ̀rẹ̀ ní 31 October 1959, nígbà ìjọba Awólọ́wọ̀, wọ́n sì ń yangàn pé àwọn ló kọ́kọ́ ṣe é nílẹ̀ Áfíríkà. Bí mo ṣe dàgbà, ilé kan ládùúgbò ló ní tẹlifíṣàn. Ẹnì kan á wà lóde nídìí pólù áńténà, á máa yí i. Ẹnì kan á wà lójú wíńdò. "Ṣé ó ti mọ́?" "Kò tíì mọ́!" "Ìsinsìnyí ńkọ́?" "Ó ti mọ́! Fi í sílẹ̀! Haa, o tún ti bà á jẹ́!" Tí Kóòtù Aṣípa ti Oyin Adéjọbí bá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bi ara wọn pé ọmọ ta ni ìwọ. Gbogbo wa jókòó sílẹ̀.

Nígbà tí fídíò dé, ìjọ náà lò ó. Ẹ rántí ẹgbẹ́ eré Mount Zion tí Ajíhìnrere Mike Bámilóyè dá sílẹ̀ ní 1985? Ẹ rántí Agbára Ńlá? Èmi rántí alẹ́ kan tí a to tábìlì méjì léra wọn, tí a gbé tẹlifíṣàn ínṣì 21 sórí ẹ̀, tí jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn ìjọ. Ó lé ní igba èèyàn tó ń wo àpótí kékeré yẹn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò rí ojú òṣèré, ohùn ni wọ́n ń gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí a parí, èèyàn ń sunkún bọ̀ síwájú. Lónìí, olúkúlùkù ló ní fóònù tiẹ̀, ìyá ń wo tiẹ̀, ọmọ ń wo tiẹ̀, bàbá ti fi nǹkan dí etí. Ohun tí àwọn ọmọ yìí ń wá nínú àpótí àtijọ́, ìdajì ẹ̀ ni àwòrán. Ìdajì tó kù ni ká jókòó pọ̀. Tí ọmọ mi bá gbé géèmù ẹ̀ jáde báyìí, ọmọ márùn-ún ló máa ń wà nílẹ̀ pálọ̀, tí wọ́n ń pín ìbọn kan ṣoṣo lò. Ìyá ẹ̀ tó pariwo lọ́jọ́ kìíní, òun náà ti yìn ín. Kò ba pẹ́pẹ́yẹ kankan.

Mo fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan kan báyìí.

Mo di àtúnbí ní 1993. Iná mi ń jó gan-an nígbà yẹn. Níbi tí mo ti ń jọ́sìn, àpótí èṣù ni wọ́n ń pe tẹlifíṣàn. Èmi náà gbà á, mo tiẹ̀ gbà á ju ẹni tó wàásù ẹ̀ lọ. Mo délé bàbá mi lọ́dún Kérésì, mo kó kásẹ́ẹ̀tì fídíò mẹ́tàlá jáde, mo dáná sun wọ́n lẹ́yìnkùlé. Mo fi ọ̀rọ̀ àwọn ará Éfésù tó dáná sun ìwé oṣó nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 19 gbe ara mi lẹ́sẹ̀. Fíìmù ló pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ẹ̀ ni ìsìnkú ìyá bàbá mi, tí wọ́n ká ní 1989. Nínú ẹ̀ ni màmá mi ti dúró láàárín agbo, tó ń ki oríkì ilé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá ò bá mi jà. Ó dúró lójú ilẹ̀kùn, ó ń wo èéfín, ó ní, "Ṣé ìyẹn náà ni èṣù?" Ó wọlé lọ.

Màmá mi sùn nínú Olúwa ní 2008. Kò síbi tí mo ti lè gbọ́ ohùn ẹ̀ mọ́ láyé yìí. Oríkì yẹn, ìdajì ni mo mọ̀. Àwọn ọmọ mi ò mọ ìdá mẹ́rin ẹ̀. Mo ti wàásù ju ẹgbẹ̀rún ìgbà lọ látìgbà yẹn, mi ò tíì sọ èyí lórí pẹpẹ rí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí iná yín ń jó, ẹ jó dáadáa, àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń sun.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ tẹlifíṣàn ọmọ mi ò fi jẹ́ eré lójú mi. Ọmọ náà wá ẹ̀rọ fídíò kan rí lọ́dọ̀ ẹnjiníà yẹn kan náà, ó sì sọ fún àwọn ọ̀dọ́ ìjọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, màmá àgbà kan tí ọkọ ẹ̀ ti kú láti bí ogún ọdún gbé kásẹ́ẹ̀tì kan wá nínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Ìgbéyàwó àbúrò ẹ̀, 1996. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá nǹkan kan ṣì wà níbẹ̀.

A ti í sínú ẹ̀rọ. Àwòrán kọ́kọ́ ń yí, ó ń já. Ọmọ mi tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó mọ́. Bàbá náà yọ láti inú èrò, ó wọ agbádá, ó ń jó bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń ká a. Màmá ò sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ojú gíláàsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tẹlifíṣàn yẹn, ẹ mọ̀ pé iná kékeré máa ń wà lójú ẹ̀ tó ń mú irun apá dìde. Mo gbọ́ tí ó ta pẹ́pẹ́pẹ́ lábẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ọmọ ọmọ ẹ̀ tó tẹ̀ lé e wá, tí kò mọ bàbá àgbà rí, ló sọ̀rọ̀: "Màmá, ẹ wo bó ṣe ń rìn. Bí Dádì ṣe ń rìn nìyẹn."

Ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn téèpù náà há, a sì rí i pé ibi tó kù ti bu bí búrẹ́dì ọjọ́ mẹ́wàá, nǹkan funfun ti hù sí i lára. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá yẹn la rí gbà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọdún 1976 ni VHS jáde. Ilé iṣẹ́ Funai ní Jàpáànù tó ṣẹ́kù tó ń ṣe ẹ̀rọ fídíò ẹ̀ dáwọ́ dúró ní oṣù keje ọdún 2016. Èyí tó wà nílẹ̀ la ó máa tún ṣe títí yóò fi tán. Gbogbo ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkórè àti ìsọjí tí a ká láàárín bí 1985 sí 2003, inú téèpù yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Fíìmù ńlá bíi Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993) àti Ṣaworoidẹ (1999) ti Túndé Kèlání, wọ́n ní ẹni tó ń jà fún wọn. Ta ló ń jà fún ìsìnkú ìyá àgbà tiyín?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni máa bọ àpótí o. Oníwàásù orí 7 ẹsẹ 10 kìlọ̀ fún wa pé ọgbọ́n kọ́ ló ń mú èèyàn sọ pé ayé àtijọ́ ló dáa ju tìsinsìnyí lọ. Èmi tí mo ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti fi omi lé mi kúrò lójú wíńdò onítẹlifíṣàn rí. Ilé kan ló ń gbádùn, ilé mẹ́wàá ń yọjú. Tẹlifíṣàn ínṣì 21 àtijọ́ ń jẹ iná ju plásímà ínṣì 32 lọ, ẹ sì mọ iye tí iná jẹ́ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ wo ìròyìn àti bọ́ọ̀lù, kó máa wo plásímà ẹ̀ lọ. Kódà, àwọn Hausa tó sọ àdúgbò wa ní Sábó, Sabon Gari ni wọ́n ń pè é, ìlú tuntun ni ìtumọ̀ ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní ká padà sí ìlú àtijọ́.

Díákónì wa sọ pé pàǹtí ni. Ní ibì kan, ó sọ òótọ́. Ní 2009, àwọn Greenpeace àti iléeṣẹ́ ìròyìn Sky fi ẹ̀rọ atọ́pa pamọ́ sínú tẹlifíṣàn kan tó ti bàjẹ́ pátápátá, wọ́n gbé e fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí irin jọ ní ìlú Ọba. Ṣé ẹ mọ ibi tí wọ́n ti bá a? Ọjà Alábà, l'Ékòó! Wọ́n kó o wá fún wa bí ẹni pé tòkunbọ̀ gidi ni. Ohun tó wà nínú gò yẹn kì í ṣe ohun ìṣeré: òjé wà nínú gíláàsì ẹ̀. Tí ọmọdé bá fi òkúta fọ́ ọ nítorí wáyà kọ́pà, gíláàsì lè fò lu ojú ẹ̀, òjé náà á sì wọ ilẹ̀ tí à ń fa omi ẹ̀ mu. Nítorí náà, kò yẹ ká fọ́ ọ, kò yẹ ká dáná sun ún. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ kankan ṣí ẹ̀yìn ẹ̀. Kódà tí ẹ bá ti yọ ọ́ nínú iná, iná tó lè pa èèyàn lára ṣì lè sá pamọ́ sínú ẹ̀. Ẹnjiníà tó mọṣẹ́ nìkan ni kó fọwọ́ kàn án.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Tí tẹlifíṣàn onídìí ńlá àti ẹ̀rọ fídíò bá ṣì wà nílé yín, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́, ẹ má tíì gbé wọn fún oníkọ̀ndẹ́mù. Ẹ kọ́kọ́ wá kásẹ́ẹ̀tì yín jáde. Ẹ gbé e dúró lóòró síbi tó gbẹ, kó jìnnà sí sípíkà ńlá tó ní òòfà. Ẹ ṣẹ́ ike kékeré tó wà ní ẹ̀yìn kásẹ́ẹ̀tì náà, kí ẹnikẹ́ni má bàa ká nǹkan míì lé e lórí. Èyí tí nǹkan funfun bá ti hù lára ẹ̀, ẹ má ti í sínú ẹ̀rọ o, á ba ẹ̀rọ jẹ́, á sì ran àwọn kásẹ́ẹ̀tì míì. Ẹ má fi fóònù ká a lójú tẹlifíṣàn bí a ṣe kọ́kọ́ ṣe, ìlà dúdú á máa gun òkè sọ̀kalẹ̀ lórí ẹ̀. Wáyà kan wà tí ẹ lè fi so ẹ̀rọ fídíò mọ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ wa mọ̀ ọ́n lò.

Láti oṣù tó ń bọ̀, ní gbogbo Saturday tó kẹ́yìn oṣù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, tẹlifíṣàn ínṣì 14 yẹn á wà ní gbọ̀ngàn àwọn ọmọdé ní ìjọ wa. Ẹ gbé kásẹ́ẹ̀tì yín wá. A ó jọ wò ó, àwọn ọ̀dọ́ á gbé e sórí kọ̀ǹpútà fún yín, a ò gba kọ́bọ̀. Mùsùlùmí, Kristẹni, ẹni tí kò lọ síbì kankan, ẹ máa bọ̀. Mo ti bẹ díákónì wa pé kó wá ṣí i fún wa. Ó ní òun á rò ó. Lánàá ló pè mí, ó ní kásẹ́ẹ̀tì ìkómọ àkọ́bí òun wà níbì kan nínú àjà, kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti sọ o.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà wa ni ẹ̀rọ yìí, àmọ́ owó wà létí ẹ̀ tí a ò tíì tú. Nígbà tí Olúwa wa bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn tán, Òun tó lè dá búrẹ́dì míì lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ Ó ní kí wọ́n ṣa àjẹkù jọ, kí ìkankan má bàa sọnù. Agbọ̀n méjìlá ló kún. Ẹ̀yin tí nǹkan ṣì kù lọ́wọ́ yín, ẹ ṣa á jọ. Ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ta ló wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó wà nílé yín? Ẹ sọ fún wa nísàlẹ̀ yìí. Ẹ sì jọ̀ọ́ ẹ pín in títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Ọ̀yọ́, Ìbàdàn àti lókè òkun. Olúwa á pa ìrántí àwọn òbí wa mọ́. Àmín.

Èmi ni Pásítọ̀ yín, láti Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.